Àdáṣe Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Nípa Àkọsílẹ̀ Àṣẹ

Àkọsílẹ̀ àṣẹ ni ìlànà kúkúrú tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, pé kí ó máa tẹ bọ́tìnnì kíbọọ̀dù, kí ó máa ṣí mẹ́nù, kí ó sì máa fi atọ́ka máòsì tẹ ibi tí ọwọ́ ènìyàn ì bá tẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní títẹ̀lé ara wọn. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà a máa pe irú rẹ̀ ní màkírò nígbà tí ó bá kúrú. Ètò tí a ń lò kò mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ni ó jókòó sí ìdí iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, bọ́tìnnì tí àkọsílẹ̀ tẹ̀ àti èyí tí ìka tẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Láti ibẹ̀ ni agbára ọgbọ́n yìí ti wá, láti ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ ti ń wá: ọwọ́ ni a fún kọ̀ǹpútà, a kò tíì fún un ní ojú.

A ní láti ya ọgbọ́n yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà mìíràn tí ètò kan fi ń bá ètò kejì ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò ni àwọn tí ó ṣe wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún, tí ètò mìíràn lè gbà wọlé láti béèrè ohun tí ó fẹ́ láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà. Níbi tí irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bá wà, òun ni ó sàn jù. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ pọ̀ nínú ọ́fíìsì, tí ẹni tí ó kọ wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tí ó tà wọ́n sì ti kógbá wọlé. Àwọn mìíràn sì wà tí àwọn tí ó ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn náà pa. Iwájú nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ní, ẹni tí yóò bá a lò yóò gba iwájú wọlé bí àlejò.

A lè fi akọ̀wé ilé-ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ 600 wà níwájú rẹ̀ nínú Excel, ó sì gbọ́dọ̀ kó wọn lọ sínú ètò ìforúkọsílẹ̀ tí kì í gba ju akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Yóò ṣe àdàkọ nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, yóò tẹ Alt àti Tab pọ̀ láti bọ́ sí fèrèsé kejì, yóò lẹ nọ́ńbà náà mọ́ àyè rẹ̀, yóò tẹ Tab kí atọ́ka lè sún sí àyè máàkì, yóò kọ máàkì, yóò tẹ Enter, yóò sì padà sí Excel. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá ni, kò sì sí ohun tí ọpọlọ rẹ̀ wà fún nínú gbogbo rẹ̀ ju kí ó máa ṣọ́ ara rẹ̀ kí ó má bàa fo ìlà kan. Àkọsílẹ̀ tí kò ju ìlà mẹ́wàá sí ogún lọ lè ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí akọ̀wé náà lọ jẹun ọ̀sán. Bí ó bá sì fo ìlà kan, máàkì Bọ́lá yóò di ti Bísí, ti Bísí yóò di ti ẹni tí ó tẹ̀lé e, títí dé orí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kẹ́yìn, láìsí àmì kankan lójú kọ̀ǹpútà pé nǹkan ti wọ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì

Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì kan, kíbọọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ni ó ń fi ránṣẹ́, èyí tí ó dúró fún ipò bọ́tìnnì náà, ó sì tún ń fi òmíràn ránṣẹ́ nígbà tí ìka bá kúrò. Ètò tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà, bí Windows tàbí macOS, ni ó ń túmọ̀ nọ́ńbà náà sí lẹ́tà tàbí sí àṣẹ, tí ó sì ń tò ó sẹ́yìn àwọn tí ó ti dé ṣáájú. Láti orí ìlà yìí ni ó ti ń pín wọn fún fèrèsé tí ó wà níwájú ní àkókò náà. Àkọsílẹ̀ àṣẹ kò ṣe ju pé ó bọ́ sórí ìlà náà, tí ó sì ń to bọ́tìnnì tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ náà, fèrèsé tí ó wà níwájú, ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí. Bọ́tìnnì kò ní àdírẹ́sì. Ó dà bí lẹ́tà tí a kò kọ orúkọ sí lára: ẹni tí ó bá ṣílẹ̀kùn ni ó ń gbà á. Bí àkọsílẹ̀ bá ń tẹ máàkì lọ, tí ìkìlọ̀ kan sì yọ lójijì pé bátìrì fẹ́ tán, ìkìlọ̀ náà lè gba àwọn bọ́tìnnì tí ó kàn. Enter tí a fi ránṣẹ́ láti fi máàkì pamọ́ yóò wá di ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ìdí nìyí tí àṣẹ àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ tí ó pójú owó fi máa ń jẹ́ pé kí a pe fèrèsé tí a fẹ́ síwájú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti dé, kí a tó tẹ ohunkóhun.

Nínú Visual Basic, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1991, SendKeys ni orúkọ àṣẹ tí ń fi bọ́tìnnì ránṣẹ́. Àmì kúkúrú ni a fi ń kọ àwọn bọ́tìnnì tí a máa ń dì mú mọ́ òmíràn: ^ dúró fún Ctrl, % fún Alt, + fún Shift. Bí a bá kọ SendKeys "^s", kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí ẹni pé ènìyàn di Ctrl mú tí ó sì tẹ s, ètò tí ó wà níwájú yóò sì fi iṣẹ́ pamọ́ bí ó bá jẹ́ ètò tí ó mọ àṣẹ náà. "%f" ni yóò ṣí mẹ́nù File nínú ọ̀pọ̀ ètò Windows. Ìrọ̀rùn yìí ni ó mú kí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí olùṣirò owó àti akọ̀wé, lè kọ tiwọn láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ni ti àkókò. Ènìyàn tí ó tẹ mẹ́nù a dúró kí mẹ́nù ṣí, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun dúró. Àkọsílẹ̀ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó lè to ogún bọ́tìnnì sórí ìlà kí fèrèsé kan tó yọ. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà a máa fi àṣẹ ìdúró sí i, pé kí kọ̀ǹpútà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó máa lọ. Yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi dán an wò. Ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, tàbí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lábẹ́nú, ìṣẹ́jú àáyá méjì kò ní tó, bọ́tìnnì yóò sì ti lọ síbi tí kò yẹ. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ di ogún fún ìfọ̀kànbalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 600 yóò jẹ wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú nínú ìdúró nìkan. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí àkọsílẹ̀ dúró de ohun kan pàtó: kí ó máa béèrè léraléra bóyá fèrèsé tí ń jẹ́ báyìí ti yọ, kí ó tẹ̀síwájú ní kété tí ó bá yọ, kí ó sì pa iṣẹ́ tì pátápátá bí kò bá yọ lẹ́yìn àkókò tí a dá. WinWait ni orúkọ àṣẹ yìí nínú AutoIt àti AutoHotkey, àwọn ètò méjì tí a óò mẹ́nu bà níwájú. Ó yani lẹ́nu pé àṣẹ kan ṣoṣo yìí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ àti èyí tí ń bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìtàn rẹ̀

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń wá ọ̀nà láti dín iṣẹ́ ọwọ́ kù kí máòsì tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Emacs, ètò ìkọ̀wé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976 ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, tí Richard Stallman jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí ó ṣe é, gba orúkọ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ màkírò gan-an, nítorí àkójọ màkírò fún àtúnṣe ìwé ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

Nígbà tí Macintosh ti Apple dé ní ọdún 1984 pẹ̀lú mẹ́nù àti máòsì rẹ̀, ìrọ̀rùn ńlá ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún, ìyà ni ó bá dé. Àṣẹ tí a ti lè kọ sínú fáìlì tẹ́lẹ̀, tí a sì lè pè nígbà tí ó bá wù wá, ti di ohun tí a ń nawọ́ sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọjà fi dìde láti tún ohun tí ó sọnù yìí rà padà. QuicKeys ti ilé-iṣẹ́ CE Software jáde fún Macintosh ní ọdún 1987. Windows 3.0 ti ọdún 1990 ní ètò kékeré kan nínú tí ń jẹ́ Recorder: ènìyàn á ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, Recorder á máa wò ó, á sì tún un ṣe bí ó ti rí i. Ohun tí ó rí kò ju ìrìn máòsì àti bọ́tìnnì lọ. Kò mọ ìdí tí ènìyàn fi ṣe wọ́n, nítorí náà fèrèsé tí ó bá sún díẹ̀ sí ọ̀tún lè da gbogbo rẹ̀ rú. Microsoft yọ ọ́ kúrò nígbà tí Windows 95 dé.

AppleScript, tí Apple gbé jáde ní ọdún 1993, gba ọ̀nà mìíràn. Gbólóhùn tí ó jọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, àwọn ètò sì ni a retí pé kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Àwọn kan ṣí i, àwọn kan kò ṣí i. Nígbà tí ó yá, Apple fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn tí kò ṣí i kò ní ṣí i, ó sì fi agbára títẹ mẹ́nù àti bọ́tìnnì kún un nípasẹ̀ ohun tí ń jẹ́ System Events. Lórí Windows, Jonathan Bennett gbé AutoIt jáde ní ọdún 1999, kí ẹni tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà láti ṣètò má bàa máa tẹ "Next" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ọdún 2003, Chris Mallett gbé AutoHotkey tẹ̀lé e, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì di èyí tí àwọn ará ilé lásán ń lò jù.

Ojú tí a yá lọ́wọ́ àwọn afọ́jú

Bí àkọsílẹ̀ ṣe mọ ibi tí yóò tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ jù ni ti nọ́ńbà: a ka àmì tín-tìn-tín tí ojú kọ̀ǹpútà fi dá, láti igun òsì lókè, a sì sọ pé kí atọ́ka lọ sí 412 ní ìbú àti 305 ní òró, kí ó tẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibi òfo ni yóò tẹ̀, tàbí kí ó tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fẹ́.

Ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ àkọsílẹ̀ wá. Láti ọ̀dọ̀ àwọn afọ́jú ni ó ti wá. Ted Henter, eléré ìje alùpùpù tí ó pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1978, wà lára àwọn tí ó ṣe JAWS, ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran. Nígbà tí JAWS kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989, lẹ́tà nìkan ni ó kún ojú kọ̀ǹpútà, kíkà rẹ̀ kò sì le. Nígbà tí fèrèsé àti mẹ́nù gbòde, bọ́tìnnì di àwòrán, àwòrán kì í sì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ètò aṣàkóso wá ní láti dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan yóò ti máa kéde ohun tí ó gbé sójú kọ̀ǹpútà: bọ́tìnnì ni èyí, Save ni orúkọ rẹ̀, kò tíì ṣeé tẹ̀ báyìí, àyè ìkọ̀wé ni ìyẹn, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí. Microsoft gbé tirẹ̀, Active Accessibility, jáde ní ọdún 1997, ó sì fi UI Automation tẹ̀lé e ní àsìkò Windows Vista. Apple ní irú rẹ̀ lórí macOS.

Àwọn tí ń kọ àkọsílẹ̀ rí i pé ohun tí àwọn ń wá nìyí. Dípò kí a ka àmì láti igun òsì, a lè pe bọ́tìnnì ní orúkọ rẹ̀, ibi yòówù kí fèrèsé wà. Nínú AppleScript, lẹ́yìn tí a bá ti dárúkọ ètò tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìlà kan báyìí tó:

click menu item "Save" of menu "File" of menu bar 1

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ pé pérépéré. Àwọn mẹ́nù kan ní àmì tótó mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ wọn, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ni Apple ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ẹni tí ó bá tẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè jókòó títí di alẹ́ kí ó tó mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé kò sí irú mẹ́nù bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ mẹ́nù ètò mìíràn lórí Macintosh gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún un lábẹ́ Accessibility, abala tí a dá sílẹ̀ fún àwọn aláìríran àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣe déédéé.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀yìn. Ètò tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò fún bọ́tìnnì rẹ̀ ní orúkọ ti ènìyàn méjì mọ́ ìta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń kọ àkọsílẹ̀ lè padà sí orí nọ́ńbà, kí ó máa ka àmì. Afọ́jú kò ní ibi tí yóò padà sí: "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" ni ohùn tí yóò máa gbọ́, kò sì ní mọ èyí tí ń fi owó ránṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ń pa ìwé rẹ́. NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, mú kí irú ètò akàwé yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó láti ra JAWS, ṣùgbọ́n kò sí ètò akàwé tí ó lè ka orúkọ tí a kò kọ.

Níbi tí orúkọ kò bá sí, ọ̀nà kẹta ni ti àwòrán. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní MIT gbé Sikuli jáde. Ènìyàn á gé àwòrán bọ́tìnnì tí ó fẹ́, á lẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì wá ohun tí ó jọ ọ́ lójú ara rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú orúkọ náà láti inú èdè àwọn Huichol ti ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ojú Ọlọ́run. Orúkọ náà tóbi ju iṣẹ́ náà lọ díẹ̀, nítorí bí àwọ̀ bọ́tìnnì bá yí padà lẹ́yìn àtúnṣe kan, ojú náà lè má ríran mọ́.

Èdè àti kíbọọ̀dù

Àkọsílẹ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ mẹ́nù gbẹ́kẹ̀ lé èdè mẹ́nù náà pẹ̀lú. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọ́fíìsì Èkó ń lo kọ̀ǹpútà èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ti Kútọnu sì ń lo ti Faransé, àkọsílẹ̀ tí ń wá mẹ́nù "File" kò ní rí i níbi tí "Fichier" ni a kọ. Èyí sàn díẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà yóò pariwo. Àwọn bọ́tìnnì ìkékúrú ni ó léwu jù. Nínú Word ti Faransé, Ctrl àti G ni a fi ń mú kí lẹ́tà nípọn. Nínú Word ti Gẹ̀ẹ́sì, bọ́tìnnì méjì kan náà ń ṣí fèrèsé tí ń béèrè ojú ìwé tí a fẹ́ lọ. Àkọsílẹ̀ tí ó ti Kútọnu wá yóò ṣí fèrèsé yìí ní Èkó, yóò sì máa kọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ láìbìkítà. Kíbọọ̀dù fúnra rẹ̀ kò dọ́gba: ibi tí Q wà lórí ti Gẹ̀ẹ́sì ni A wà lórí ti Faransé, nítorí náà àkọsílẹ̀ tí ó fi ipò bọ́tìnnì ránṣẹ́ dípò lẹ́tà yóò kọ ohun mìíràn ní ìlú kejì.

Ọgbọ́n kan náà wúlò fún kíkọ èdè Yorùbá. AutoHotkey lè máa ṣọ́ ohun tí a ń tẹ̀, kí ó sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá kọ ìlà yìí sínú fáìlì rẹ̀:

:*?:e.::ẹ

ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ e àti àmì ìdánudúró yóò rí ẹ, kódà láàárín ọ̀rọ̀. Ó dára títí gbólóhùn kan yóò fi parí pẹ̀lú lẹ́tà e, bíi "ó ti dé" tí a kọ láìlámì. Nígbà náà ni àmì ìdánudúró yóò pòórá, tí e yóò sì di ẹ. Ó sàn kí a lo lẹ́tà tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. X kò sí níbẹ̀, nítorí náà ex lè di ẹ, ox lè di ọ, sx lè di ṣ, kò sì ní sí ìjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan. Ìjà kù pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì: akọ̀wé tí ó bá gbàgbé láti pa àkọsílẹ̀ náà kò ní lè kọ Excel tàbí Texas láìbà á jẹ́.

Láti ọwọ́ akọ̀wé dé ilé-iṣẹ́ ńlá

Láti bí ọdún 2000 síwájú, ọgbọ́n tí akọ̀wé ń dá ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì di ọjà ńlá. Blue Prism bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2001. Ilé-iṣẹ́ tí ó padà di UiPath bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bucharest ní Ròmáníà ní ọdún 2005, ó sì wọ ọjà ìpín-ìdókòwò New York ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe ọjà wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní irin kankan lára. Àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á, nítorí àwọn ni ó ní ètò àtijọ́ tí a kò lè ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn fún. Lábẹ́ orúkọ ńlá náà, iṣẹ́ Recorder ni, pẹ̀lú ìyàtọ̀ méjì tí ó ṣe pàtàkì: orúkọ bọ́tìnnì ni ó ń lò ju nọ́ńbà lọ, ó sì ń kọ ìtàn gbogbo ohun tí ó ṣe sílẹ̀ kí ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Microsoft ra Softomotive, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀ Gíríìsì wá, ní ọdún 2020, ó sì sọ ètò Power Automate Desktop di ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ó ní Windows 10 ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Ìtàn iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ yìí ni akọ̀wé tí ó dá tirẹ̀ ṣe sábà máa ń ṣàìní. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìkìlọ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì lè kú sórí akẹ́kọ̀ọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí iná bá dé, àkọsílẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó dé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ètò ìforúkọsílẹ̀ tí kò bá kọ àsọtúnsọ yóò sì gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kejì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí àkọsílẹ̀ ka ohun tí ètò náà gbà padà, kí ó fi í wé ohun tí ó wà nínú Excel, kí ó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kí ó tó bọ́ sórí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ìlà tí ó ti ní àmì ni yóò máa fò nígbà tí ó bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ààbò

Ọwọ́ tí ètò kan kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ènìyàn lè jẹ́ ọwọ́ olè. Àwọn kan ti ta ohun èlò tí ó jọ fíláṣì lásán, irú èyí tí a fi ń kó fáìlì, tí ó jẹ́ pé bí a bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà ni yóò sọ pé kíbọọ̀dù ni òun. USB Rubber Ducky ni ó lókìkí jù nínú wọn. Kọ̀ǹpútà a máa gbà á gbọ́, nítorí kì í sábà béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ kíbọọ̀dù, ohun èlò náà yóò sì tẹ àṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀ kíá kí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ewu mìíràn tún wà tí onítọ̀hún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà: àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì sínú àkọsílẹ̀ kí ó lè máa wọlé fún wọn ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí fáìlì náà lè kà á.

Àwọn tí ń ṣe ètò aṣàkóso ti ń fún okùn náà díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista, ètò tí agbára rẹ̀ kéré kò lè fi bọ́tìnnì ránṣẹ́ sí fèrèsé tí agbára rẹ̀ ga jù ú lọ. Èyí ni ó fà á tí àkọsílẹ̀ kan fi lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó sì dákẹ́ lójijì nígbà tí ó bá dé ibi tí a ti ń fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Láti macOS Mojave ti ọdún 2018 ni Macintosh ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí ètò kan tó lè pàṣẹ fún òmíràn. Lórí Linux, ètò X tí ó ti wà láti ọdún 1984 gba gbogbo ètò láyè láti rí bọ́tìnnì tí ọmọnìkejì wọn gbà, àti láti fi tiwọn ránṣẹ́ sí i; lórí rẹ̀ ni xdotool ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wayland, tí ń rọ́pò X, ti ìlẹ̀kùn yìí pa. Àkọsílẹ̀ xdotool tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn fèrèsé tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ń lò ó sì ní láti tún un kọ pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi ydotool, tí ń gba ìsàlẹ̀ pátápátá wọlé bí ẹni pé kíbọọ̀dù tòótọ́ ni, tí ó sì nílò àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà kí ó tó lè tẹ lẹ́tà kan.